Ta Ni Ẹbí Alága?

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń sọ fún Màmá pé mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá. Mi ò gbàgbé, iṣẹ́ ló pọ̀. Orúnkún Màmá ńkọ́? Ṣé àwọn ni wọ́n ń lo ìpara tí mo fi ránṣẹ́, àbí ẹ̀yin?

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Níbi iṣẹ́ wa, ní abẹ́ ilé ìwòsàn ńlá níbi tí a ti ń fọ aṣọ ibùsùn, omi kì í dákẹ́. Lọ́jọ́ kan mò ń fọ aṣọ tó wá láti yàrá ìgbẹ̀bí, ni mo bá rántí ilé ìgbẹ̀bí tiwa, bí ìyá ọkọ ṣe ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sódò nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń rọbí lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ aláàánú tí mo wọ̀ lọ́dún tó kọjá. Lókè ilé búrẹ́dì kan la ti ń pàdé, ooru ààrò ń gòkè wá bá wa lábẹ́ ẹsẹ̀.  Màmá àgbà kan tó jẹ́ olórí wa ní kí a tọrọ owó ìrànwọ́ fún ilé ìgbẹ̀bí náà.

Owó yẹn wà, ṣùgbọ́n òfin tó yí i ká ju ẹ̀gún lọ. Ẹgbẹ́ tiwa lókè òkun níbí kò lè dá a ṣe, àfi kí ẹgbẹ́ bíi tiwa tó wà nítòsí yín bá wa fọwọ́ sí i. Wọ́n ti gbà. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ kí owó tó dé. A kò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹni tó wà láàyè pè é. Ìlú fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ ohun tó nílò, kó sì yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí àwa bá ti ṣe tán. Ìgbìmọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gbogbo ìlú, kì í ṣe ti agbo ilé kan. Èyí tó le jù ni pé ẹbí ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ wà nídìí owó náà.

Nítorí náà, ẹ kàn bá mi pe ìlú jọ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan ẹlòmíràn ṣe olórí. Ẹni tí wọ́n bá yàn, kó kọ̀wé lédè wa tààrà sí ìgbìmọ̀ owó wa, kó má dárúkọ mi rárá. Èmi kò gbọdọ̀ ṣí i, èmi kọ́ ni mo sì máa túmọ̀ rẹ̀. Ẹ dákun, Bàbá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣàwàdà nínú ìwé náà.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Adájọ́ mi,

Mo kí ọ títí. Ìyá rẹ ní kí n má pè ọ́ ní Adájọ́ mọ́, pé o ti dàgbà. Mo ní, ẹni tó wà ní kékeré tó ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dájọ́ ìjà ẹran, tó sì ń fi ẹran náà sẹ́nu ara rẹ̀ kí ìjà lè parí, ta ló fẹ́ gba oyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀?

Orúnkún ìyá rẹ ti sàn. Ìpara yẹn dára gan-an. Mo mọ̀ nítorí mo kọ́kọ́ dán an wò lẹ́sẹ̀ tèmi, kó má baà ṣe é ní ibi. Ó ti tán.

Mo ti pe ìlú jọ. Yàrá ilé ẹ̀kọ́ la lò, àwọn àga rẹ̀ kéré, gbogbo àwa àgbà jókòó bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ẹnìkan dìde pé ohun tí ìlú nílò ni géètì ńlá ní ẹnu ọ̀nà, tí a ó kọ káàbọ̀ sí lára. Àwọn obìnrin tó ti gbé kẹ́ẹ̀gì rí yíjú wò ó. Ó jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó tún sọ nǹkan mìíràn ju omi lọ.

Ní ti orúkọ ẹni tó wà láàyè, mo ti wo ibi tí tèmi ì bá wà lára táńkì náà, ní apá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Bó bá jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kú ni, bá mi sọ fún wọn pé mi ò kánjú.

A yan nọ́ọ̀sì àgbà àti Tíṣà. Ẹni tí wọ́n yàn ní alága, arẹwà ọkùnrin kan ni. Orí rẹ̀ ti funfun ṣùgbọ́n làákàyè wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó dìde pé òun fẹ́ kọ̀ ọ́, bó ti dìde ni wọ́n pàtẹ́wọ́, a kò sì tíì rí ẹni tó dá àtẹ́wọ́ padà fún olówó rẹ̀. Ó ti kọ̀wé sí àwọn ènìyàn rẹ. Kò dárúkọ rẹ. Kò ṣàwàdà kankan.

Èmi ni bàbá rẹ, tí àwọn kan ti ń pè ní Alága báyìí, mi ò mọ ìdí.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Sí Ìgbìmọ̀ Owó Ìrànwọ́

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

A kí yín láti ìlú wa. Èmi alága ìgbìmọ̀ omi ni mo ń kọ ìwé yìí.

Ohun tí a nílò ni omi nínú ilé ìgbẹ̀bí. Kànga tó wà níbẹ̀ ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Odò wà ní ìsàlẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, ó sì ń yọ̀. Ẹni tó ń rọbí kò lè lọ, nítorí náà ẹni tó sìn ín wá ló ń lọ. Nígbà tí ìrora bá dé, tí ó bá pe ẹni yẹn, kò ní bá a nítòsí. Bó ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí a ti kọ́ ilé náà.

Akọ̀wé wa ni ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, obìnrin tí kì í gba ìsọkúsọ. Akápò wa ni àbúrò mi, ó jẹ́ tíṣà, àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é ní Lọ-Tún-Un-Ṣe. Ní ti ẹni tí yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ẹ má da ara yín láàmú. Ọmọ mi wà nílé, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Mo fi dá yín lójú pé kò sí àjèjì kankan nínú wa. Ọ̀kan ni gbogbo wa.

Alága.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Adájọ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyá rẹ ń kí ọ, àwọn ará ilé ń kí ọ, ewúrẹ́ tó jẹ ìwé tí o kọ kẹ́yìn náà ń kí ọ. Irọ́ ni, o kò kọ ìwé kankan tí ewúrẹ́ máa jẹ.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù méjì tí a ò gbúròó rẹ. Mo pè ọ́ lórí fóònù, ó ń dún, o kò gbé e. Ìyá rẹ fi ti rẹ̀ pè ọ́, o gbé e, o ní ara rẹ le, o ní o wà níbi iṣẹ́, o pa á. Mo bi í pé ṣé o bèèrè mi, ó ní o bèèrè orúnkún òun. Ó jẹ́ pé orúnkún ìyá rẹ wá níyì ju bàbá rẹ lọ.

Agbẹ́kànga ń bi mí lójoojúmọ́ pé ṣé kí òun fi epo sí ẹ̀rọ òun. Ó ti mú díígà wá sẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí láti fi sàmì síbẹ̀ lásán, mo sáré lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí òfin tí o kọ ránṣẹ́ pé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ tíì bẹ̀rẹ̀. Mo sáré o. Àwọn tó rí mi ṣì ń sọ ọ́.

Bó o bá ń bínú, sọ ohun tí mo ṣe. Bí o kò bá bínú, kí ló dé tí o fi ń ṣe bí ẹni tó ń bínú?

Bàbá rẹ, Alága.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mi ò ní ṣe yẹ̀yẹ́ nínú èyí. Wọ́n gbé obìnrin kan wá sílé ìgbẹ̀bí láàárọ̀ àná, ìyá rẹ̀ ṣubú lójú ọ̀nà odò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí. Nọ́ọ̀sì ní aláìsàn méjì láti tọ́jú dípò ẹyọ kan. Gbogbo wọn wà láàyè, ọmọ náà sì wà láàyè, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì wò mí lójú bí mo ti ń kọjá, ó ní, "Alága, ìwé yín yẹn dà?"  

Kọ̀wé sí mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi kí ìyá tó ṣubú yẹn. Ẹ má bínú pé mi ò gbé fóònù. Bí mo bá gbọ́ ohùn yín, ẹ máa pa mí lẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Wọ́n ti dá owó náà dúró. Ìwé yín ló dá a dúró.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí síbí ló túmọ̀ rẹ̀. Inú ìwé ló ti kọ́ Yorùbá, kò sí ìyá àgbà kankan tó pè é ní "ọkọ mi" rí nígbà tó wà ní kékeré. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe dúró. Ìyàwó, ìyàwó ni. Àbúrò, ọmọ ìyá ni. Ọmọ mi, ẹni tí mo bí ni. Olórí wa kà á sókè nínú yàrá: alága, akọ̀wé tó jẹ́ ìyàwó alága, akápò tó jẹ́ àbúrò alága, àti ọmọ alága tí yóò gba iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a du ú. Nígbà tó dé ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé kò sí àjèjì nínú yín, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ fún wọn pé ilé kan ṣoṣo ló fẹ́ jẹ owó ìlú.

Ó bi mí pé ṣé mo mọ alága yìí. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi kò wá gbé ìyókù. Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti kọ̀wé nípa arẹwà ọkùnrin yín, mo sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Bí wọ́n bá wá mọ̀ pé bàbá mi ni, á jẹ́ pé ìyàwó bàbá mi, àbúrò bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ni mo tọrọ owó fún. Wọ́n máa yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́, ó sì tọ́. Ìyẹn kò tiẹ̀ dùn mí tó ti omi yẹn. Bí a kò bá ṣàlàyé kí oṣù kẹfà tó parí, ìlú mìíràn ni owó náà ń lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ẹbí yín, ẹ ò bá wọn tan níbì kankan. Bí èyí bá ti yanjú, èmi yóò wá ọ̀nà sọ ti yín fún wọn tó bá yá. Kí ẹ má baà sọ pé ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹbí, bí òfin ṣe kà á nìyí: ọkọ tàbí aya ọmọ ẹgbẹ́, òbí rẹ̀, ọmọ rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá.

Mo bẹ̀ yín, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, ẹ pe ènìyàn ní orúkọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Adájọ́ mi,

Mo gba ẹjọ́ náà. 

Ìyá rẹ gbọ́ pé mo ti fẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní kó tètè máa bọ̀, kó wá máa gbọ́ híhanrun mi lórí ibùsùn, kí òun lè lọ fara rọ nílé àbúrò òun. Kò bínú rárá. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Mo ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé mi lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ilé ìgbẹ̀bí. Mo ka ìwé rẹ fún wọn. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Tíṣà ní òun ti ń sọ fún mi tipẹ́ pé kí n máa kọ gbólóhùn tó dá ṣáká. Mo ní kó dákẹ́, pé èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ohun tó kó wa sínú wàhálà gan-an nìyẹn.

Agbẹ́kànga nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. O rántí rẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí mo ṣì ń tún ẹ̀rọ ṣe, ọwọ́ mi ló ti kọ́ iṣẹ́ irin kó tó lọ kọ́ kànga gbígbẹ́. Ó sùn nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó jẹ nínú abọ́ mi, èmi ni mo fi ọ̀pá irin kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Mo ti mú bírò jáde. Mo ti kọ "Àwọn tí orúkọ wọn" dé ìdajì. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kọ ọ́ pé èmi kì í ṣe ọmọ yín ni?"

Mo ní kí omi lè dé ni.

Ó ní kò burú, kí n kọ ọ́. Ó wá yíjú sápá ibi tí kò sí nǹkan tí èèyàn ń wò.

Bírò yẹn kò kọ. Kì í ṣe pé tàdáwà rẹ̀ tán. Mo ti fi ẹnu yìí pe gbogbo ayé ní nǹkan tí wọn kì í ṣe, mo pe ọ̀lẹ ní ọ̀gá, mo pe adìẹ ìyá rẹ ní ìyá ìjọ, kò sí èyí tó ni mí lára. Ṣùgbọ́n kí n jókòó síwájú ọmọ tí mo tọ́, kí n kọ ọ́ sínú ìwé tí yóò rékọjá òkun pé mi ò mọ̀ ọ́n rí, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ló gba ìwé rẹ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí òun tún òfin yẹn kà. Ó kà á jẹ́ẹ́, bó ṣe ń ka ohun tó wà lára ìgò oògùn. Ọkọ tàbí aya. Òbí. Ọmọ. Ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá. Ó tún padà sí ẹyọ kan, ó fi ìka sí i. Ó ní, "Alága, nínú gbogbo àwa tó jókòó síbí, ta ló bí ọmọ ẹgbẹ́ yẹn?"

 Tíṣà wò mí. Agbẹ́kànga náà yíjú padà, ó wò mí, mo sì rí i pé ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Àṣé èmi ni. Mo kó gbogbo ìlú jọ, mo ń pè wọ́n lẹ́bí, èmi nìkan ṣoṣo tí ìwé òfin ń wá ni mo jókòó sórí àga alága. Ìwọ sì ti sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n yan ẹlòmíràn.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, oyè yẹn dùn mọ́ mi. Ní ọjọ́ orí mi, ohun tí wọ́n ń pè mí ni Bàbá, ẹ rọra, Bàbá, ẹ jókòó, Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Alága, mo ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo sí lára. Ṣùgbọ́n mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó yí ọkàn padà.

Ìwọ náà, má wá ọ̀nà tó bá yá. Sọ ọ́ fún wọn báyìí. Ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn ti sọ ọ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Sáré ṣáájú rẹ̀.

Bàbá rẹ, alága tẹ́lẹ̀.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Sí Ìgbìmọ̀ Owó Ìrànwọ́

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Ìwé kejì nìyí. Ti àkọ́kọ́ kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ fún ẹni tí kò gbé láàárín wa.

Ní èdè wa, ọ̀dọ́mọbìnrin tí arúgbó bá fẹ́ràn, ìyàwó rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ní ọkọ, awakọ̀ ni, ó ga jù mí lọ, mi ò sì wá ìjà. Ọkùnrin tí mo bá fi ọjọ́ orí jù, àbúrò mi ni. Bí ẹ bá wá síbí, púpọ̀ nínú yín yóò di àbúrò mi kí ẹ tó jókòó. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga, ọwọ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́, ilé mi ló gbé. Èmi kọ́ ni mo bí i, ọmọ mi ni, mi ò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn nítorí omi. Bí òfin yín bá ní ohun tó fẹ́ sọ sí èyí, kó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí òun àti àwọn mìíràn dá iye wọn, kí ẹgbẹ́ yín tó wà nítòsí wa yàn, kí èmi má sí níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe ń ka ẹbí, ẹyọ kan ló wà nínú ìgbìmọ̀ wa. Èmi ni. Ọmọbìnrin tó gbé ọ̀rọ̀ omi yìí wá síwájú yín, èmi ni mo bí i. Ó ní kí n pe ìlú jọ, kí n jẹ́ kí wọ́n yan ẹlòmíràn. Mo pe ìlú jọ. Èyí tó kù, mi ò ṣe é. Láti òní lọ mi ò sí nínú ìgbìmọ̀ mọ́. Àwọn obìnrin tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì ti yan ẹnìkan nínú ara wọn dípò mi, nọ́ọ̀sì sì ni alága.

Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu mi gba omi lọ́wọ́ aboyún.


Ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú gbogbo ẹ̀. Mo ti sùn. Mo sọ ọ́ ṣáájú nítorí mi ò tíì sùn dáadáa láti oṣù kẹta.

Ìwé yín sí wọn àti èyí tí ẹ kọ sí mi jọ dé lọ́jọ́ kan náà. Mo ka tèmi nínú yàrá ìfọṣọ, láàárín aṣọ ibùsùn tó ń gbóná, ó sì kù díẹ̀ kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Mo sáré gòkè ilé búrẹ́dì. Olórí wa ti di ìwé yín mú, ó ń wá ohun tí yóò fi ṣí i. Mo ní kó jọ̀ọ́ dúró. Mo dìde, mo ní, "Alága yẹn, bàbá mi ni. Mo ti mọ̀, mo sì dákẹ́."

 Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ìlẹ̀kùn ààrò nísàlẹ̀.

Ó ní kí n jókòó. Ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn túmọ̀ ìwé náà lójú gbogbo wa. Ó ń kà, ó ń dúró, ojú ń tì í díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ọkọ nọ́ọ̀sì ti ga jù yín lọ, ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró mọ́. Nígbà tó dé gbólóhùn tó kẹ́yìn, olórí wa ní òun ti wà nídìí òfin yìí ọjọ́ pípẹ́, òfin kò sọ pé kí ènìyàn má ní ẹbí, ohun tó ní ni pé kó má fi wọ́n pamọ́. Wọ́n bá mi wí pé mo dákẹ́, ó sì tọ́ sí mi. Wọn kò yọ mí. Ẹlòmíràn ni yóò máa mójú tó iṣẹ́ náà dípò mi, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fọwọ́ sí i, Bàbá. Omi ń bọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá mi rìn dé ibi tí mo ti ń wọkọ̀. Ó ní kí n bá òun bi yín pé bí òun bá wá kí yín, kí lẹ máa pe òun.

Ọmọ yín tí ara tù.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá

Adájọ́ mi,

Ìyá rẹ kí ọ. Àpò ìpara tuntun tí o fi ránṣẹ́ ti dé, ó sì ti tì í mọ́ inú àpótí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n ti ṣe òfin fún mi nílé náà. Sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pé kó máa bọ̀. Ìyá rẹ ló máa pè é ní ọkọ rẹ̀. Èmi máa bínú, àá sì wá parí ìjà náà pẹ̀lú oúnjẹ.

Ọmọ mi kọ́ ló gba iṣẹ́ náà. Àwọn mẹ́ta ló dá iye wọn, ẹgbẹ́ tó wà nítòsí wa sì yan obìnrin kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ ga ju ilé lọ. Mo ń bẹ̀rù ojú tí agbẹ́kànga máa fi wò mí. Ó wá bá mi fúnra rẹ̀, ó ní ó tù òun lára, pé bí òun bá gbà á ni, títí òun fi máa kú ni wọ́n á máa sọ pé Bàbá ló bá òun gbà á. Òun ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú páńpù, òun ló sì ń tún un ṣe báyìí. Ó ń fi etí sí i lára bí mo ṣe kọ́ ọ.

Omi kọ́kọ́ jáde bí ẹrẹ̀, àwọn kan mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mọ́. Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí alága, kò sì pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ bí èmi ì bá ṣe pẹ́. Ìlà kẹta ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ. Kò sí ẹni tó pè mí dìde. Mo ń retí pé kó dùn mí, kò dùn mí. Gbogbo ẹsẹ̀ mi tù mí bí ẹni tó bọ́ bàtà.

Ní òwúrọ̀ òní mo ń kọjá níwájú ilé ìgbẹ̀bí. Ìyá kan sin ìyàwó ọmọ rẹ̀ dé láti ìlú kejì. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì dání, ó sì bi mí pé ọ̀nà odò dà. Mo ní kó wọlé lọ bi nọ́ọ̀sì. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, mo sì dúró, o mọ̀ mí, etí mi kì í gbọ́ ohun tí kò kàn án kó kọjá.

 Nọ́ọ̀sì ṣí ẹ̀rọ tó wà lára ògiri, omi tú jáde. Ìyá yẹn dúró, ó ń wò ó, kẹ́ẹ̀gì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.  Ó ní, "Kí ni kí èmi wá ṣe báyìí?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ jókòó tì í."

Nígbà tí mo padà gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án, ó ṣì jókòó ti ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bàbá rẹ.